Títí Yóò Fi Tó

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi dá pàá, ó já bọ́ sínú ìkòkò aró, ó dá lórí Àwẹ̀ró aláró àti Àyọ̀ká, ọmọ kan ṣoṣo tó bí.

Ní ayé àtijọ́, kò sí aró tó dúdú bíi ti Àwẹ̀ró. Òjò ì báà pa aṣọ rẹ̀, oòrùn ì báà pa á, kì í ṣí. Ìka ló fi ń kàn án, ahọ́n ló sì fi ń tọ́ ọ wò, kó tó mọ̀ pé ó tó láti rẹ aṣọ. Aró yìí ni ogún tó fẹ́ fi sílẹ̀ fún Àyọ̀ká. Ṣùgbọ́n ó kẹ́ ọmọ náà jù. Kò fẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ dúdú bíi tòun.

Lọ́jọ́ kan, Àyọ̀ká já ewé èlú tí ìyá rẹ̀ fi ń ṣe aró, ó gún un, ó da omi eérú sí i nínú igbá kékeré lẹ́yìnkùlé. Ó fẹ́ rí ohun tí yóò dà. Ìyá rẹ̀ da á nù. Ó tún ṣe é, ìyá rẹ̀ tún da á nù. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta. Àwẹ̀ró gbá a lọ́wọ́, ó ní, "Ojú ni kí o fi wò ó! Ta ló rán ọ ní ìdọ̀tí?"

Ọmọ fi ẹkún kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ìyá mi, ẹ jẹ́ n tọ́ ọ wò,
*Aró, aró dúdú.*
Ẹ jẹ́ n fọwọ́ kàn án, kí n mọ̀,
*Aró, aró dúdú.*
Bó bá tó, màá mọ̀ pó tó,
*Aró, aró dúdú.*

Àwẹ̀ró kọ̀ jálẹ̀. Ẹnu ló fi ń kọ́ ọmọ: "Gún ewé. Sẹ́ omi eérú. Pa á dé títí yóò fi tó." Àyọ̀ká há a sórí, kò fo ọ̀rọ̀ kan. Inú ìyá dùn.

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Àrùn rọpárọsẹ̀ dá Àwẹ̀ró dùbúlẹ̀. Ọwọ́ kú, ahọ́n kò mọ ìtọ́wò mọ́. Àyọ̀ká gún ewé, ó sẹ́ omi eérú, ó pa á dé. Ó wá béèrè pé, "Ìyá mi, báwo ló ṣe ń tó?"

Àwẹ̀ró wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi ṣàlàyé. Ìka rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n, ahọ́n rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n.

"Ó máa ń yọ̀ lọ́wọ́."

"Yíyọ̀ wo, ìyá mi?"

"Áà! Mo ṣẹ̀ ọ́, ọmọ mi. Ǹ bá ti jẹ́ kí o tọ́ ọ wò!"

Àyọ̀ká rẹ aṣọ, òjò pa á, ó ṣí. Ó tún un rẹ, ó tún ṣí. Nígbà tó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta tí kò mú, ó gbé ìkòkò lọ sẹ́yìnkùlé, ó da á nù níbi tí ìyá rẹ̀ ti da ti inú igbá nù. Àwẹ̀ró gbọ́ ọ lórí ẹní. Òun ló wá ń fi ẹkún kọrin:

Ọmọ mi, wá tọ́ ọ wò,
*Aró, aró dúdú.*

Kò sí aró mọ́.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ẹni tí kò tọ́ ọ wò kì í mọ ìgbà tó tó. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kàn án. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dọ̀tí, ọṣẹ ń bẹ nílé.

Ibi tí ààlọ́ mi já sí nìyí, lẹ́yìnkùlé Àwẹ̀ró.