Ọdẹ́gbèmí Wọ́ Ajá Rẹ̀ Rìn Lọ́sàn-án Gangan

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ súnmọ́ mi. Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí ojú mi fi le. Inú ló ń bí mi. Mo rí ẹnì kan lọ́sàn-án òní tó ń wọ́ ajá lójú ọ̀nà, nígbà tí ilẹ̀ ń jó bí agbada orí iná. Òun ni mo fẹ́ pa àlọ́ yìí fún, bí kò tilẹ̀ sí níbí.

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi ṣe gbìì, ó ṣe gbàà, ó fo ìjàpá dá, ó fo ọba kọjá, ó balẹ̀ sórí ọkùnrin ọdẹ kan tó ń jẹ́ Ọdẹ́gbèmí, ìyàwó rẹ̀ Fáderera, àti ajá kan tí wọ́n sọ ní Tọpasẹ̀.

Òkè-Àgbọ̀n ni wọ́n ń gbé. Ọdẹ ni wọ́n ń pe Ọdẹ́gbèmí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: ajá ló ń ṣọdẹ, ọkùnrin náà kàn ń ru ẹran wálé ni. Tọpasẹ̀ ló ń gbóòórùn ọ̀yà, Tọpasẹ̀ ló ń lé e, Tọpasẹ̀ ló ń kì í mọ́lẹ̀. Ọdẹ́gbèmí á wá gbé e kọ́ èjìká, á máa pariwo wọ̀lú, "Èmi rèé o! Ta ló tún kù?"

Fáderera ló wo ajá náà dàgbà. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n bí i ni ìyá rẹ̀ kú. Fáderera bọ òwú sínú wàrà ewúrẹ́, ó ń kán an sí i lẹ́nu láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, títí ó fi lajú. Ẹni tó bá fọwọ́ kan Tọpasẹ̀, ara Fáderera ló fọwọ́ kàn.

Ní ọdún kan, ọ̀gbẹlẹ̀ dá. Òjò kọ̀, kò rọ̀. Odò gbẹ, ewé rọ, ilẹ̀ là pẹrẹpẹrẹ bí gìgísẹ̀ arúgbó. Àárín ọ̀gbẹlẹ̀ yìí ni Baálẹ̀ Ìdí-Arère, ìlú kejì, ránṣẹ́ sí Ọdẹ́gbèmí. Ìránṣẹ́ ní, "Baálẹ̀ ní àwọn gbọ́ òkìkí ajá yín. Àwọn ń wá ẹni tí àwọn máa fi joyè olórí ọdẹ. Ẹ mú ajá náà wá kí àwọn rí i. Ìgbàkúùgbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn ni kí ẹ wá."

Orí Ọdẹ́gbèmí wú. Ọjọ́ ọjà ló dá, ó ní ọ̀sán gangan lòun ó gbéra.

Fáderera ní, "Olówó orí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ìdájí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ẹ ti dé ọ̀hún. Tàbí kí ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́, kí oòrùn rọ̀."

"Ìdájí? Ta ni yóò rí mi ní ìdájí? Ọ̀sán ni ọjà Ìdí-Arère ń kún. Mo fẹ́ kí gbogbo ojú wò mí bí mo ṣe ń wọlé, èmi níwájú, ajá lẹ́yìn."

Fáderera fà á lọ́wọ́ jáde sí àgbàlá. "Ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ yín lélẹ̀ yìí. Ẹ má gbé e kúrò títí n ó fi ka ení, èjì, ẹ̀ta, dé ẹ̀wá."

Ọdẹ́gbèmí fọwọ́ lélẹ̀. Fáderera kò tíì ka ẹ̀ta tí ọkọ rẹ̀ fi já ọwọ́ gbà, tó ń fẹ́ ẹ fùú-fùú.

"Ṣé ẹ rí i? Ibi tí ọwọ́ yín ò lè gbé, ibẹ̀ lẹ fẹ́ kí ajá fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn?"

"Ajá kì í ṣe èèyàn," ni Ọdẹ́gbèmí wí. "Ta ló tíì rí ajá tó wọ bàtà rí?"

Nígbà tó di ọjọ́ náà, Fáderera ní láti lọ pọnmi ní odò kan tó jìnnà, tí kò tíì gbẹ. Kí ó tó lọ, ó gbé akèrègbè omi kan àti igbá kékeré kan sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Bí ẹ bá kọ̀ jálẹ̀ pé ọ̀sán ni, omi ajá rèé, igbá rẹ̀ rèé. Ẹ máa dúró lábẹ́ igi, kí ẹ máa bù ú fún un."

Ọdẹ́gbèmí ní òun ti gbọ́. Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, ó wọ bàtà awọ, ó dé akẹtẹ̀ tó ṣíji bo èjìká rẹ̀ méjèèjì, ó gbé akèrègbè kọ́ apá, ó so okùn mọ́ ajá lọ́rùn. Igbá ajá, ó fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ó ní kò yẹ irú òun kí òun máa gbé igbá ajá kiri.

Oòrùn ń ràn janjan. Wọ́n dé ojú iyanrìn. Ajá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹsẹ̀ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń jó. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ahọ́n rẹ̀ yọ gbọọrọ. Igi odán kan wà lápá ọ̀tún, ìbòjì rẹ̀ tutù nini. Ajá yà síbẹ̀. Ọdẹ́gbèmí fa okùn, gbà! Ni ajá bá figbe bọ orin. Ẹ gbè é o:

Bàbá mi Ọdẹ́gbèmí,
*Ilẹ̀ gbóná jàn-ìn!*
Ẹ̀yin wọ bàtà, èmi ò wọ̀,
*Ilẹ̀ gbóná jàn-ìn!*
Ẹ̀yin dé akẹtẹ̀, èmi ò dé,
*Ilẹ̀ gbóná jàn-ìn!*
Ẹ jẹ́ ká yà síbi ìbòjì,
*Ilẹ̀ gbóná jàn-ìn!*

Ọdẹ́gbèmí ní, "Panu mọ́! Orin lo rí kọ?" Ó ṣí akèrègbè, ó mu omi gbùkù, gbùkù, gbùkù, ó nu ẹnu nù, ó dé e padà. Wọ́n tún ń lọ.

Wọ́n dé ilẹ̀ pupa, ibi tí koríko kan ò sí. Itọ́ ajá ti ki, ó ń já wálẹ̀ yọ̀ọ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n bí ọ̀mùtí. Ó tún kọrin, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ẹ gbè é jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́:

Bàbá mi Ọdẹ́gbèmí,
*Ilẹ̀ gbóná jàn-ìn.*
Ẹ̀yin mumi, èmi ò mu,
*Ilẹ̀ gbóná jàn-ìn.*
Àtẹ́lẹsẹ̀ mi ti bó o,
*Ilẹ̀ gbóná jàn-ìn.*

"Ọ̀lẹ!" ni Ọdẹ́gbèmí wí. Ó dorí akèrègbè kodò, ó fa gbogbo omi tó kù gbẹ. Ó tún fa okùn.

Wọ́n wá dé orí àpáta. Àpáta yìí tẹ́ lọ salalu, kò sí igi kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Ajá gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, ó ṣubú gbì! Ó bì. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Kò kọrin mọ́. Ẹ̀yin náà, ẹ má gbè. Ẹ dákẹ́.

Ọdẹ́gbèmí fa okùn. Ó tún un fà. Ó wo iwájú, ó ń gbọ́ ariwo ọjà. Ó wo ẹ̀yìn, kò rí ẹnì kankan. Ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó ju okùn sílẹ̀, ó fo ajá dá, ó ń bá tirẹ̀ lọ!

Fáderera ti odò dé, ó bá igbá ajá lẹ́nu ọ̀nà. Ó mọ̀ pé ajá kò ní rí omi mu. Kò tilẹ̀ sọ ìkòkò omi orí rẹ̀ kalẹ̀, ó kọjú sọ́nà. Ó rí ipasẹ̀ ajá nínú iyanrìn. Ó rí ẹ̀jẹ̀ lórí ilẹ̀ pupa. Nígbà tó dé orí àpáta, Tọpasẹ̀ ló na gbalaja yìí, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò sì mọ ẹni tó dé.

Fáderera kò sunkún. Ìbínú kò jẹ́ kí ó rí ẹkún sun. Ó fi ọwọ́ kan di ìkòkò mú, ó fi apá kejì gbá ajá mọ́ra, ó sáré gbé e lọ sábẹ́ igi ayùnrẹ́ kan ní ẹsẹ̀ àpáta. Ó rẹ ìborùn rẹ̀ sómi, ó fi ń nu ikùn rẹ̀, abíyá rẹ̀, etí rẹ̀, àti àtẹ́lẹsẹ̀ tó ti bó yánnayànna. Ó ń fi ewé fẹ́ ẹ. Kò da omi sí i lọ́fun, nítorí ẹni tó dákú kò lè gbé omi mì. Ètè rẹ̀ ló ń fi ìka kán omi sí.

"Tọpasẹ̀, ọmọ mi. Tọpasẹ̀, ọmọ mi." Bó ṣe ń pè é ló ń payín keke.

Ó pẹ́. Ó pẹ́ gan-an. Oòrùn ti ń yí lọ kí ìrù ajá tó mì lẹ́ẹ̀kan, pẹ́. Ó gbé orí, ó lá omi díẹ̀. Fáderera dúró títí ilẹ̀ fi tutù. Lẹ́yìn náà, ó tú ọ̀já ìdí rẹ̀, ó pọn ajá sẹ́yìn bí ọmọ, ó forí lé Ìdí-Arère.

Lójúde Baálẹ̀, Ọdẹ́gbèmí ti jókòó sáàárín èrò láti ọ̀sán. Ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú tí kò tutù. "Ọká ni, baba! Ọká ló bù ú ṣán. Mo bá ọká náà jà, mo gbé ajá mi sí apá mi yìí, ibẹ̀ ló ti kú." Àwọn èèyàn ń ní, "Ẹ kú ìrọ́jú o." Àánú ṣe Baálẹ̀. Wọ́n ti na ìrùkẹ̀rẹ̀ olórí ọdẹ sí i, ó sì ti gbà á.

Ni ẹ̀rín bá bú lẹ́yìn èrò. Wọ́n rí obìnrin tó pọn ajá! Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe rí ojú obìnrin náà, ẹ̀rín gbẹ mọ́ wọn lẹ́nu. Wọ́n yà fún un. Ó tú ọ̀já, ó rọra tẹ́ ajá sílẹ̀ níwájú Baálẹ̀.

"Ìwọ Ọdẹ́gbèmí!"

Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ, kò pè é lórúkọ rí, kò sì pè é ní ìwọ rí.

"Fi ojú ibi tí ọká ti bù ú ṣán hàn mí! Baba, ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣé ọká ló ń bó ajá láwọ ẹsẹ̀? Oòrùn ni! Oòrùn, àti ọkùnrin tó wọ bàtà, tó dé akẹtẹ̀, tó dá omi ajá mu! Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó lọ ní ìdájí, ó ní ta ni yóò rí òun. Ó dáa, Ọdẹ́gbèmí. Gbogbo ayé ti rí ọ!"

Ọdẹ́gbèmí fi ẹ̀rín ẹ̀tàn bojú. "Ẹ má dá a lóhùn, baba. Ajá mi kúkú ti jí. Tọpasẹ̀! Wá!"

Ajá gbé orí. Ó wò ó. Ó gbé orí lé ẹsẹ̀ Fáderera, ó pa ojú dé.

Baálẹ̀ dìde, wọ́n já ìrùkẹ̀rẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. "Inú ń bí mi! Mo ní ìgbàkúùgbà tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ta ló fi ọ̀sán gangan há ọ lọ́rùn? Ajá tó ń bọ́ ọ, o fò ó dá lórí àpáta. Bí ogun bá dé bá wa lálẹ́, àwa náà lo máa fò dá. Kúrò níwájú mi!"

Nígbà tí wọ́n délé, Ọdẹ́gbèmí ń bẹ̀. "Fáderera, má bínú."

"Èmi kọ́ lo ṣẹ̀," ni Fáderera wí, ojú rẹ̀ kò sì rọ̀. "Ẹni tó o ṣẹ̀ ló dùbúlẹ̀ lábẹ́ igi yẹn. Lọ bẹ̀ ẹ́."

Báwo lèèyàn ṣe ń bẹ ajá? Ní ìdájí ojoojúmọ́, Ọdẹ́gbèmí ń fẹsẹ̀ rìn dé odò tó jìnnà, ó ń pọn omi wá, ó ń gbé e síwájú Tọpasẹ̀. Tọpasẹ̀ á gbóòórùn omi náà, á yí ojú kúrò. Omi Fáderera nìkan ló ń mu. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún odidi ogún ọjọ́.

Lọ́jọ́ kọkànlélógún, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Tọpasẹ̀ tiro jáde. Ó kọjá lára Ọdẹ́gbèmí tó bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú igbá omi lọ́wọ́, ó lọ sínú kòtò kan láàárín àgbàlá, ó ń lá omi òjò pẹ̀lú ẹrẹ̀. Fáderera dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rí gbogbo rẹ̀. Kò kí ọkọ rẹ̀ pé pẹ̀lẹ́.

Ibi tí àlọ́ mi rìn dé rèé o. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ahọ́n mi gbẹ mọ́ mi lẹ́nu lọ́la. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni mo sọ, ẹ dá mi lóhùn kí n gbọ́!

Òótọ́ ni!

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò fara sin. Bí oòrùn bá mú, ìdájí tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ mú ajá jáde. Ẹ gbé omi rẹ̀ dání, ẹ jẹ́ kí ó sinmi níbi ìbòjì. Ilẹ̀ tí ẹ̀yìn ọwọ́ yín kò lè fara dà, ẹ má jẹ́ kí ajá tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀dá tó bá wà lẹ́nu okùn tí ẹ dì mú, ẹ̀mí rẹ̀ ń bẹ lọ́rùn yín. Ẹ bẹ̀bẹ̀ títí, ohun mìíràn wà tí ẹ̀bẹ̀ kì í tún ṣe.