Sítúdíò Agbọ́tán

Ládépò àti Àṣàbí ìyàwó rẹ̀ ń gbé ilé oníyàrá méjì ní Ìkìrun. Inú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ ni wọ́n ti pàdé: ọkùnrin ń tẹ dùùrù, obìnrin ń lé orin. Nígbà tí wọ́n fẹ́ra tán, Ládépò sọ yàrá kan di sítúdíò, ó ní òun náà fẹ́ máa gba ohùn àwọn akọrin sílẹ̀. Èrò rere ni, a sì bá a yọ̀.

Àmọ́ yíyan ẹ̀rọ wá di iṣẹ́ tó ju orin lọ. Dùùrù oníná tó kọ́kọ́ rà, ó ní ohùn fèrè inú rẹ̀ ń dún bí agolo, ó pààrọ̀ rẹ̀. Ó ra sáńpílà, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń gé ohùn pamọ́, téèyàn á wá máa fi ìka tẹ̀ ẹ́ jáde bó ṣe wù ú. Wọ́n sọ fún un pé òmíràn ti dé tó dára jù ú lọ, ó dá ìyẹn náà padà, ó gba tuntun. Kí ohùn má baà máa ta padà lára ògiri, ó lẹ páálí ẹyin mọ́ ọn yíká, ó sì fi pákó di fèrèsé. Nígbà tí ìyẹn kò tó, ó gbé fọ́ọ̀mù orí ibùsùn wọn, ó fi ti ògiri tó wà láàárín yàrá méjèèjì. Orí ẹní ni tọkọtaya bẹ̀rẹ̀ sí í sùn, lórí sìmẹ́ńtì tútù. Ó rẹ àwa aládùúgbò láti máa gbọ́ orúkọ ẹ̀rọ, ká má tíì sọ ti ẹni tó ń bá a sùn lórí ẹní.

Nígbà tó yá, wàhálà míì yọjú. Bí Ládépò bá ti ń gba orin sílẹ̀, ariwo kan á máa dún lábẹ́ rẹ̀: gbù, á dákẹ́, á tún dún, gbù-gbù. Ó tú wáyà, ó tún un so. Ó pinnu pé míkísà, ẹ̀rọ tí ń po ohùn pọ̀, ló ní àléébù. Ó gbé e padà sí Èkó, ó mú òmíràn bọ̀, ariwo náà kò lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Àṣàbí sọ fún un pé àyà ń dun òun, òun ì bá fẹ́ dé ilé ìwòsàn. Ládépò ní kó ṣe sùúrù, kí àwọn kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ míkísà. Ohùn obìnrin náà ti ń ha nígbà yẹn, kò lè lé orin mọ́. Ọkọ rẹ̀ gbọ́ pé ohùn ti ha, ó wá akọrin mìíràn.

Nígbà tí ariwo kọ̀ tí kò lọ, ó gé e sínú sáńpílà, ó sì fi ṣe ìlù orin tuntun kan. Bó bá ti fi ìka tẹ̀ ẹ́, gbù, orin á gbéra. Ó dùn mọ́ ọn pé òun rí nǹkan fi àléébù ẹ̀rọ ṣe. Síbẹ̀, ó tún pààrọ̀ míkísà.

Ọ̀sẹ̀ tó gbé èyí ẹlẹ́ẹ̀kẹta dé ni Àṣàbí lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìràgbìjí. Ládépò gba orin sílẹ̀, ohùn mọ́ kedere, kò sí gbù kankan. Ó ní ẹ̀rọ tí òun ń wá látọjọ́ yìí nìyí. Ó ní kí wọ́n kọ pátákó sí iwájú ilé: SÍTÚDÍÒ AGBỌ́TÁN. Ọmọ òun ni sítúdíò náà, ó wí fún wa, òun sì ti sọ ọ́ lórúkọ, nítorí kò sí ohùn tí yóò fò ó.

Ìyá Àṣàbí ló mú ọmọ rẹ̀ padà wá. Arúgbó náà ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá àna rẹ̀ sọ, ṣùgbọ́n Ládépò kò jẹ́ kó jókòó tó fi ní kó wá gbọ́ orin tuntun nínú sítúdíò. Àṣàbí lọ jókòó sí yàrá kejì.

Ìyá tẹ́tí díẹ̀, ó wá gbójú sókè. "Ọkọ mi, ta ló ń wúkọ́ nínú orin yìí?"

Ládépò rẹ́rìn-ín. Ó ní ikọ́ kọ́, àléébù ẹ̀rọ àtijọ́ ni, òun ló sọ ọ́ di ìlù. Ó tẹ bọ́tìnnì sáńpílà kí ìyá lè gbọ́ ọ lọ́tọ̀. Gbù. Ó gbé ìka kúrò, gbù mìíràn sì dún láti ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù.

"Ikọ́ ọmọ mi ni," ni ìyá wí. "Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo bá wá."

Ládépò dìde, ó lọ sí yàrá kejì. Àṣàbí jókòó lórí ẹní, ó fi ìrọ̀rí bo ẹnu.

"Ẹ má bínú," ni Àṣàbí wí. "Mo rò pé mo ti fi ìrọ̀rí bò ó dáadáa. Mi ò fẹ́ kó bá yín ba iṣẹ́ jẹ́."

Ojú ti Ládépò, ó sì dùn ún dé egungun. Etí tó gbọ́ agolo nínú fèrè kò gbọ́ ikọ́ aya rẹ̀. Ìyá ti tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. Kò gbé ohùn sókè, ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Mo rí pátákó tó wà níta," ni ìyá wí. "Ọmọ rẹ lo sọ ní Agbọ́tán. Ilé tó o bí i sí, ṣé o wò ó?"

Ládépò padà sínú sítúdíò. Ó gbé fọ́ọ̀mù padà sórí ibùsùn, ó yọ pákó ojú fèrèsé, ó sì gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní àrùn ẹ̀dọ̀fóró ni, ó sì ti pẹ́. Àṣàbí lo oògùn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ó yè, a dúpẹ́, ikọ́ náà sì lọ, ṣùgbọ́n ohùn tó fi ń lé orin kò padà mọ́. Bó bá ń fọ abọ́, ó máa ń kùn díẹ̀, kó tó dákẹ́.

Àwọn ẹ̀rọ náà ṣì wà níbẹ̀, wọ́n sì dára. Pátákó nìkan ni Ládépò yọ. Bí akọrin kan bá wá bi í léèrè míkísà tó yẹ kó rà, ohun tí òun náà máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé báwo ni ará ilé rẹ̀. Àwọn kan ní òwe tí mo fẹ́ pa yìí ti dàgbà ju míkísà lọ. Kí wọ́n lọ wá ìtàn tiwọn. Tiwa ṣojú wa, abájọ tí àwọn àgbà àdúgbò wa, bí wọ́n bá ti ń kọjá níwájú ilé náà, fi máa ń sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ pé, ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.