Àgùàlà Kì Í Ṣe Ajá Òṣùpá

Nígbà láéláé, kí àwọn ọkọ̀ òfurufú kéékèèké tó gbọ́n, ìràwọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń mọ̀nà. Èyí tó bá tàn jù lójú wọn ni wọ́n ń wò.

Ọ̀kan wà nínú wọn tó ń jẹ́ Tíntín. Kò ní awakọ̀, kò sì tóbi ju páálí bàtà lọ. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Ìbídùn, tí ìlú rẹ̀ wà létí odò, ló ṣe é, ló fi ojú kan sí i lórí kó lè máa wo ìràwọ̀, tó sì rán an lọ sókè pé kó máa ṣọ́ odò ìlú wọn. Bí odò bá ti fẹ́ kún, kí Tíntín kọjú sílé, kó ké sí òun, kí àwọn ará ìlú lè tètè sá.

Nígbà tí Tíntín dé òkè, ó rí ìràwọ̀ Àgùàlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùpá, tó ń dán yinrin. Ó ní ajá òṣùpá nìyí, ajá kì í sì í fi olówó rẹ̀ sílẹ̀. Bó ṣe fi Àgùàlà ṣe àmì ọ̀nà ilé nìyẹn, kò tilẹ̀ bi í léèrè. Ọmọdé ṣáà ni.

Àgùàlà ń rìn lọ, Tíntín náà ń yí tẹ̀lé e. Nígbà tí odò kún, Tíntín ké títí ohùn rẹ̀ fi há, àṣé òkun ló kọjú sí. Ìbídùn jókòó nísàlẹ̀, ó ń retí, kò gbọ́ nǹkan kan. Àánú àwọn méjèèjì ṣe mí.

Tíntín fi ẹkún bi Àgùàlà pé, “Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ ò dúró ti òṣùpá?”

Àgùàlà ní, “Àbúrò mi, ta ló sọ fún ọ pé ajá òṣùpá ni mí? Ọ̀nà wa ló pàdé. Alárìnkiri ni mí, mi ò lè júwe ilé fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ìràwọ̀ wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́yìn mi yẹn ni kì í kúrò láàyè wọn. Bi wọ́n léèrè.”

Tíntín bi wọ́n. Ọ̀kan ní ilé wà lápá ọ̀tún díẹ̀, òmíràn ní ó wà lápá òsì díẹ̀, nítorí ìmọ́lẹ̀ wọn kò tó nǹkan. Ẹnì kan kì í ṣáà jẹ́ àwá dé. Tíntín kó ọ̀rọ̀ gbogbo wọn jọ, ó mú àárín rẹ̀, ó sì kọjú síbẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni Ìbídùn gbọ́ ohùn rẹ̀, ó sì kígbe sí àwọn ará ìlú.

Àwọn ará ìlú gbé ọmọ, wọ́n fa ewúrẹ́, wọ́n sá gun òkè. Ìyá Ìbídùn ni wọ́n gbé jáde kẹ́yìn, omi sì ti mù ún dé àyà.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọkọ̀ òfurufú kéékèèké ti ń bi ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ wẹ́wẹ́ léèrè kí wọ́n tó kọjú síbì kan. Bí wọ́n bá pàdé Àgùàlà, wọ́n á kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀.