Orúkọ Ọ̀gágun Lórí Rédíò Ọkọ̀

Gbàdébọ̀, jókòó kí n sọ ìtàn kan fún ọ. Ọkùnrin kan wà, dókítà eyín ni, ó sì fẹ́ràn omi ju ilẹ̀ lọ. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ́nu díẹ̀, ó ra ọkọ̀ ojú omi kékeré kan lọ́wọ́ ọ̀gágun ojú omi tó ti fẹ̀yìn tì. Kì í fi kó èrò, kì í fi pẹja. Ìgbafẹ́ ni, òun àti ìyàwó rẹ̀, lọ́sàn-án Sátidé.

Rédíò kan wà nínú ọkọ̀ náà, ó ní bọ́tìnì pupa. Bí ewu bá dé, tí o bá tẹ̀ ẹ́, nọ́ńbà rédíò yẹn yóò yọ ní ọ́fíìsì àwọn tó ń gbani lójú omi. Wọn yóò ṣí ìwé, wọn yóò rí orúkọ ẹni tó ni nọ́ńbà náà àti fóònù rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ra rédíò lọ́wọ́ ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ lọ forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀, kó gba láísẹ́ńsì tirẹ̀.

Dókítà kò lọ. Má sọ pé ọ̀lẹ ni o. Orúkọ yẹn ló dùn mọ́ ọn. Bí àwọn ẹ̀ṣọ́ bá dá a dúró lórí ọ̀sà, tí wọ́n rí orúkọ ọ̀gágun lórí ìwé rédíò, ńṣe ni wọ́n máa ń bẹ́rí fún un.

“Bàbá Ìbídùn,” ìyàwó rẹ̀ wí, “ẹ lọ kọ orúkọ yín síbẹ̀. Fọ́ọ̀mù kan péré ni.”

“Orúkọ tó ń ṣílẹ̀kùn fún wa, ìwọ ní kí n pa á rẹ́? Jọ̀ọ́, fi mí sílẹ̀.”

Ní Sátidé kan, igi tó wà lábẹ́ omi lu ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà já. Dókítà tẹ bọ́tìnì pupa. Kó tó lanu sọ ibi tí wọ́n wà, omi ti bo bátìrì, rédíò kú. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ti lọ.

“Wọ́n ti gbọ́,” ó wí fún ìyàwó rẹ̀. “Wọ́n ń bọ̀.”

Àwọn ará ọ́fíìsì ṣí ìwé lóòótọ́. Wọ́n pe ọ̀gágun. Ọ̀gágun ń jẹ iṣu lọ́wọ́ nílé rẹ̀, kò tilẹ̀ rántí rédíò kankan mọ́.

“Ewu kẹ̀? Èmi rèé lórí àga mi. Ara mi le koko.”

Wọ́n ní ẹ má bínú, sà. Wọ́n rò pé ọmọdé kan ló ń fi bọ́tìnì ṣeré, wọ́n sì pa ìwé dé. Ta lo fẹ́ dá lẹ́bi nínú wọn? Mo ti wá a tì.

Lójú omi, tọkọtaya di kẹ́ẹ̀gì epo kan mú. Ọkọ ń sọ ọ́ ṣáá pé, “Wọ́n ń bọ̀.” Nígbà tó yá, kò sọ ọ́ mọ́. Apẹja kan rí kẹ́ẹ̀gì náà lọ́jọ́ kejì. Ìyàwó nìkan ló dì í mú.

Háà! Ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, á ṣoni. Èyí tilẹ̀ ju ṣíṣo lọ.

Gbàdébọ̀, ìwọ ni mo ń bá wí. Ọdún mẹ́fà lo ti dé ìlú yìí. Orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ lo fi gba ilé, òun lo fi ń gba ọ̀wọ̀ káàkiri, o kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ẹni tí ìwọ fúnra rẹ jẹ́. Mo ti sọ ọ́ títí, ó ti sú mi, mi ò sì rò pé wàá gbọ́. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wàá ké. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni wọ́n máa pè. Kò ní purọ́ mọ́ ọ. Á ní àlàáfíà ni òun wà, wọn á sì padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn.