Wákàtí Kan Tí Ìyá Fi Bó Ẹ̀gúsí

“Bàbá Ìbídùn, ẹ jókòó tì mí díẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ tí ìyàwó mi bá mi sọ kẹ́yìn lórí ibùsùn àìsàn nìyẹn. Mo ní mò ń bọ̀. Ẹni tó ń tún páìpù omi ṣe wà ní ẹ̀yìnkùlé, mo fẹ́ rí i pé ó dí ibi tó ń jò dáadáa. Nígbà tí mo padà wọlé, ìyàwó mi ti dákẹ́.

Adéyanjú, àbúrò mi, nígbà tí o wá kí mi lọ́jọ́ Àìkú, fóònù rẹ dún lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyàwó rẹ ni. Mo bi ọ́ pé kí ló dé. O ní, “Kò sí nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n. Ó kàn fẹ́ sọ̀rọ̀ ni.” O sì pa fóònù náà. N kò lè sọ ohunkóhun lójú àwọn àlejò. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀, ní àkàwé.

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó máa ya fíìmù nípa ìgbésí ayé àwọn èèyàn. Ó gbọ́ nípa arúgbó obìnrin kan tó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ ní agbègbè rẹ̀ tó fi fídíò ṣe iṣẹ́ ọnà. Nígbà tí àwọn yòókù ń gbé kámẹ́rà lọ síbi ìgbéyàwó àti ìkómọjáde, obìnrin yìí a gbé tirẹ̀ ka iwájú nǹkan kan ṣoṣo, kò sì ní fọwọ́ kàn án mọ́ títí kásẹ́ẹ̀tì yóò fi tán. Ó ya omi tó ń sun nínú kànga. Ó ya eruku ọyẹ́ bó ṣe ń bo gíláàsì fèrèsé. Ó ya ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí, wákàtí kan gbáko.

Lẹ́yìn náà, ó to tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta sí àgbàlá, ó sì pe àwọn aládùúgbò wá wò ó. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an.

“Ẹ gbà mí! Ẹ̀gúsí tí mo bó kí n tó kúrò nílé ni mo tún wá ń wò níbí?”

“Ẹ yí i síwájú, ká mọ ẹni tó máa jẹ ọbẹ̀ náà.”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ojú yín ló ń kánjú. Ẹ̀gúsí ò kánjú.”

Ọdún gorí ọdún. Àwọn tó mọ iyì iṣẹ́ ọnà ní ìlú òkèèrè wá gbọ́ nípa rẹ̀. Ìgbà náà ni ọkùnrin yìí dé, òun àti kámẹ́rà rẹ̀, àti iná, àti ìwé ìbéèrè. Obìnrin náà ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Ó gbé kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀gúsí jáde. Ó ní èyí nìkan ni òun ń pè ní iṣẹ́ òun; àwọn yòókù, òun fi ń dánra wò ni.

“Jókòó, ọmọ mi. Jẹ́ ká wò ó tán.”

Ọkùnrin náà wo aago. “Màmá, màá wò ó nílé. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ ẹnu yín sílẹ̀ ná, kí oòrùn tó lọ.”

“Kò burú,” ni obìnrin náà wí.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi bi í léèrè ọ̀rọ̀: níbo ló ti rí kámẹ́rà, ta ló kọ́ ọ, kí ni àwọn èèyàn sọ. Obìnrin náà dáhùn gbogbo rẹ̀. Ó fún un ní kásẹ́ẹ̀tì náà mú lọ. Kò ní ẹ̀dà. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, obìnrin náà kú.

Ọkùnrin náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó sunkún níbi ìsìnkú. Ó fẹ́ kí fíìmù náà dára, kí ayé lè mọ̀ ọ́n. Ó ti kásẹ́ẹ̀tì náà bọ inú ẹ̀rọ àtijọ́ kan, ó sì wo ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọwọ́ àgbà obìnrin, ẹ̀gúsí, àwo. Ó tẹ̀ ẹ́ kó máa sáré. Ọwọ́ náà ń yára bí ẹsẹ̀ èèrà. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ẹ̀rọ náà jẹ kásẹ́ẹ̀tì. Ó fà á jáde, ó ti lọ́ wúruwùru. Ó gé ibi tó bàjẹ́ sọnù, ó lẹ ìyókù pọ̀. Ó ní, “Ọwọ́ kan náà ni, ẹ̀gúsí kan náà ni. Ta ló máa mọ̀?”

Ó mú ìṣẹ́jú méjì nínú rẹ̀ sínú fíìmù, ó sì jẹ́ kó máa sáré, kó má bàa sú àwọn òǹwòran.

Inú gbọ̀ngàn ìlú obìnrin náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn. Èèyàn kún. Àwọn aládùúgbò tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ rí ojú ara wọn nínú rẹ̀, wọ́n ń sọ bí àwọn ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò pàtẹ́wọ́ ni àbúrò obìnrin náà, tó jókòó níwájú. Ọkùnrin náà lọ dọ̀bálẹ̀ fún un, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni àṣẹ wà pé kí fíìmù náà jáde tàbí kó má jáde.

“Ó dára o,” ni ìyá àgbà náà wí. “Ibi tí ìyá wa ti gbójú sókè ńkọ́?”

“Ibo nìyẹn, Màmá?”

“Ẹ̀n-ẹ́n. O ò wò ó tán.”

Ó wá ṣàlàyé. Nígbà tí wọ́n ya kásẹ́ẹ̀tì náà, ó ti pé ọdún méjì tí ìyá wọn kò ti bá ẹ̀gbọ́n òun sọ̀rọ̀, nítorí pé ẹ̀gbọ́n náà fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ torí kámẹ́rà. Ẹ̀gbọ́n náà wá sílé, ó gbé kámẹ́rà kalẹ̀, ó jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Ìyá ń bó ẹ̀gúsí bí ẹni pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Nígbà tí wákàtí náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, ìyá dáwọ́ dúró. Ó gbójú sókè, ó wo ọmọ rẹ̀. Ó ní, “Ṣé o ti jẹun?”

“Ọ̀rọ̀ yẹn ló parí ìjà,” ni ìyá àgbà náà wí. “Òun ni iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo wákàtí ẹ̀gúsí yẹn, ó fi ń dúró de ọ̀rọ̀ náà ni.”

Ọkùnrin náà sáré padà sílé, ó tú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí. Wọ́n ti dà á nù tipẹ́. Ó padà wá bẹ ìyá àgbà náà pé kí ó jókòó síwájú kámẹ́rà, kí ó sọ ohun tó rí, kí òun lè fi dí ibi tó ṣófo.

Ìyá àgbà náà ní, “Ẹnu tèmi nìyẹn máa jẹ́. Ojú ìyá mi kọ́.”

Kò fún un láṣẹ. Wọ́n ní ọkùnrin náà ti wá jókòó wo ìyókù kásẹ́ẹ̀tì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó mọ ibi tó ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ìyá ń bó ẹ̀gúsí, ó le ojú. Lójijì, ìyá ń rẹ́rìn-ín. Ohun tó wà láàárín méjèèjì kò sí mọ́.

Adéyanjú, gbọ́. Ọkùnrin yìí kò kórìíra obìnrin náà. Nítorí rẹ̀ ló ṣe ń ṣiṣẹ́. Èmi náà, nítorí ìyàwó mi ni mo ṣe pe ẹni tó tún páìpù ṣe, kí ó má bàa wá omi tì. Iṣẹ́ tí à ń ṣe nítorí ẹnì kan lè mú wa kúrò lọ́dọ̀ ẹni náà. Èmi ni mo ti di ọkùnrin inú ìtàn yìí. Ìwọ kò tíì dà bẹ́ẹ̀. O ní ó kàn fẹ́ sọ̀rọ̀ ni. O kò mọ ìṣẹ́jú tí yóò gbójú sókè. Bí ó bá pè ọ́, dá a lóhùn. Bí ó bá ní kí o jókòó, jókòó, kí omi máa jò.

Má rò pé mo ti gbọ́n tán ni mo fi ń kọ́ ọ. Ó di ọ̀sẹ̀ kọkànlá lónìí tí ìyàwó mi ti lọ. N kò tíì kó oògùn rẹ̀ kúrò lójú fèrèsé. N kò tíì dé ibojì rẹ̀ láti ọjọ́ tí a sin ín. N kò tíì sọ fún Ìbídùn, ọmọ wa, pé n kò sí nínú yàrá nígbà náà; ó rò pé mo di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. Ìyá ìyàwó mi wà ní Ìlá, ojú rẹ̀ ti fọ́, a kò jẹ́ kó gbọ́. Ó ń béèrè ìgbà tí ọmọ òun máa wá. Èmi ló yẹ kí n lọ sọ fún un. N kò tíì lọ.