Ìyá Òkété Pe Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi dá lórí Ìyá Òkété. Ebi mú ọmọ rẹ̀ wa iṣu kan lóko olóko. Ká ní ibẹ̀ ló ti sun ún jẹ ni, kò sẹ́ni tí ì bá bá a wí, àmọ́ ó gbé e relé. Erin adájọ́ sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá lọ bẹ̀bẹ̀.

"Ṣé kò jalè ni?" ni Erin ń wí.

"Ó jalè, Bàbá! Ìyà náà ló pọ̀ jù!"

Nígbà kẹta, ó fi orin sọ ọ́. Ẹ bá mi gbè é:

Ìmàdò run oko tán, oṣù kan!
*Ẹ bá mi wò ó!*
Iṣu kan, ọdún mẹ́ta!
*Ẹ bá mi wò ó!*

Erin ronú. "Òótọ́ ni, Ìyá Òkété. Kò dọ́gba."

Ló bá sọ ti Ìmàdò náà di ọdún mẹ́ta.

Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ohun tó bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn?