Bí Ẹsẹ̀ Pẹ́pẹ́yẹ Ṣe Kọjú Sí Ara Wọn

Nígbà láéláé, kí ọyẹ́ tó di eruku lásán, òjò dídì máa ń rọ̀ ní ilẹ̀ wa. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé, ẹ ó jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹ ó rí i pé Ọlọ́run ti tẹ́ aṣọ funfun sórí òkè. A funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, gbogbo ayé a sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kò bá a. Èmi náà kò bá a. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó bá a sọ ọ́ fún àwọn tí ó sọ ọ́ fún wa, bí wọ́n bá sì ti dé ibẹ̀ nínú ìtàn, ohùn wọn a rọ̀.

Ní àkókò náà, gbogbo ẹranko a máa gun Òkè Ẹfun. Wọn a la igi sí pákó gígùn pẹlẹbẹ, méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí imú rẹ̀ ká sókè. Wọn a fi okùn so ó mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀, wọn a di ọ̀pá kan mú lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, wọn a sì máa yọ̀ bọ̀ láti orí òkè, fìrììì, títí dé ìsàlẹ̀.

Bàbá Àgbò, tí ó mọ òkè ju gbogbo wọn lọ, ni olùkọ́ wọn.

“Ẹ tẹ orúnkún yín díẹ̀,” ni ó máa ń wí. “Orúnkún tí ó bá kọ̀ tí kò tẹ̀, ilẹ̀ ni yóò bá olúwa rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹ rọ àyà síwájú. Ẹ má wo ẹsẹ̀ yín, ibi tí ẹ ń lọ ni kí ẹ máa wò. Bí ẹ bá sì máa ṣubú, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ṣubú.”

“Bàbá, báwo ni a ṣe ń dúró?” Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ bi í.

Bàbá Àgbò fi ìwo họ ẹ̀yìn ara rẹ̀. “Ìdúró kẹ̀? Ṣebí òkítì koríko wà nísàlẹ̀. Ẹ ṣáà lọ rọ́ lù ú.”

Òótọ́ ni. Kò sí ẹni tí ó mọ bí a ṣe ń dúró. Òkítì koríko gbígbẹ kan ni ó ń gba gbogbo wọn, ọ̀gbun jíjìn sì wà lẹ́yìn òkítì náà.

Ẹsẹ̀ Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ tọ́ nígbà náà bí ẹsẹ̀ Àkùkọ. Ọmọbìnrin méje ni ó bí, ohun tí kò sì fi bá wọn ṣeré rárá ni ìkíni. Wọn kì í kọjá àgbà láì kúnlẹ̀. Àkùkọ a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

“Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ, orúnkún rẹ kò ní pẹ́ lu. Bí o bá rí kùkùté tí ó hu irùngbọ̀n, o ó kí i.”

“Bí ó bá ti jù mí lọ, n ó kí i,” ni Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ dáhùn. “Ìwọ ni àyà rẹ ga tí o kò rí ẹni tí ó wà níwájú rẹ.”

Ní ọjọ́ kan, Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ ló ṣáájú, àwọn ọmọ rẹ̀ tò tẹ̀lé e, Àkùkọ sì gbẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n dé àárín òkè, Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ gbójú sókè, kò rí òkítì koríko mọ́. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni Ewúrẹ́ ti fi ń jẹ ẹ́, ó sì ti jẹ ẹ́ tán. Ọ̀gbun náà la ẹnu sílẹ̀. Màmá Àgùntàn, arúgbó ibẹ̀, dúró létí rẹ̀. Ó wá kìlọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n òtútù ti gba ohùn lẹ́nu rẹ̀, orí nìkan ni ó ń mì.

Jìnnìjìnnì bo Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ. Òun ní ìyẹ́ tí ó lè fi fò. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò tíì hu ìyẹ́.

“Olúwa,” ni ó wí nínú ọkàn rẹ̀, “bí O bá dá àwọn ọmọ mi dúró, ẹsẹ̀ tí wọ́n bá fi dúró ni a ó máa fi rìn títí ayé.”

Ibẹ̀ ni ó ti dé iwájú Màmá Àgùntàn. Ẹ̀rù ń bà á, ṣùgbọ́n bárakú ni ìkíni jẹ́ fún un.

“Ẹ kú òtútù, Màmá.”

Ó tẹ orúnkún méjèèjì. Orúnkún fara kan ara, imú pákó méjèèjì súnmọ́ra, ìdí wọn sì yà, bí òrùlé ilé. Wọ́n ń ha òjò dídì náà, háá, háá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Ó dúró.

Ó yíjú padà. Bí ó bá ní kí wọ́n dúró, wọn kò kọ́ ọ rí. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni ó pè.

“Ẹ kí Màmá!”

“Ẹ kú òtútù, Mà.” Àkọ́bí tẹ orúnkún, ó dúró. Èkejì dúró. Ẹ̀kẹta dúró. Báyìí ni wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ títí ó fi ku Àbígbẹ̀yìn, tí ó ń bọ̀ pẹ̀lú ẹnu tí ó ṣù jọ.

“N kò kí i. Ó bá mi wí lánàá pé mo ń wẹ̀ nínú omi mímu.”

Ìyá rẹ̀ kò pariwo mọ́. “Ọmọ mi,” ni ó wí, “kí i nítorí tèmi.”

Àbígbẹ̀yìn wo ojú ìyá rẹ̀. Ó tẹ orúnkún. Imú pákó rẹ̀ kọjá etí ọ̀gbun, ó yọ sínú afẹ́fẹ́ lásán, ó sì dúró síbẹ̀.

“O káre, ọmọ mi,” ni Màmá Àgùntàn fọhùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Àkùkọ ń bọ̀ lẹ́yìn, ó gbé àyà sókè. “Ẹ ṣì ń kí i?” ni ó wí, ó sì kọjá wọn lọ sínú ọ̀gbun, ó na gbalaja sórí àpáta kan tí ó yọ jáde nítòsí etí rẹ̀. Bí ó ṣe dọ̀bálẹ̀ fún Màmá nìyẹn láì ní i lọ́kàn. Ọ̀pá ni wọ́n nà sí i tí wọ́n fi fà á jáde. Nígbà tí ó húkọ́ tán, ó ní, “Ẹ kú òtútù, Mà.”

Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn. Òun àti àwọn tí ó ti ṣubú rí lọ sọkún níwájú Ọlọ́run pé kí Ó gba òjò dídì náà kúrò lọ́wọ́ àwọn. Aláàánú ni Ọlọ́run. Ó ká aṣọ funfun náà jọ, Ó kó o lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, Ó sì fi òtútù àti eruku nìkan sílẹ̀ fún wa. Ní ọjọ́ kejì, Bàbá Àgbò gun òkè, ó dúró lórí àpáta gbígbẹ fún ìgbà pípẹ́. Kò rí ẹni tí yóò kọ́.

Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ kò yẹ ẹ̀jẹ́ rẹ̀. Ó tú pákó kúrò lẹ́sẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn tọ́ mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ ti kọjú sí ara wọn, tí ó sì ń rìn bí ẹni tí ó tẹ orúnkún, tí àwọn ọmọ tò lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá sì dé, tí ọ̀kan nínú wọn bá bi í pé, “Màmá, òjò dídì ti lọ, ta ni a tún ń tẹ orúnkún fún?”, ìyá a wo orí òkè lọ títí.

“Bí ó bá padà dé,” ni yóò wí, “lórí ìkúnlẹ̀ ni kí ó ti bá wa.”